Olúwa Fúnra Rẹ̀ Ni Kí A Máa Wá

Bí bàbá bá ti ìrìnàjò dé, ọmọ kékeré a sáré pàdé rẹ̀, ojú rẹ̀ a sì wà lára àpò. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá búrẹ́dì wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí í bá a wí, nítorí ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá pé ogún ọdún, tí kò kí bàbá rẹ̀ kú àbọ̀ títí yóò fi tú àpò wò, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹkún. Báwo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pàdé Bàbá wa ọ̀run?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A gbàgbọ́ nínú ìbatisí Ẹ̀mí Mímọ́. A gbàgbọ́ nínú ìran, àlá, ìsọtẹ́lẹ̀ àti ìwòsàn. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni wọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀bùn kì í ṣe Olùfúnni.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ó pé ọdún 14 tí àwa tọkọtaya ti ṣe ìgbéyàwó, ọmọ kò sì tíì dé. Àwọn ará bá wa gbààwẹ̀, wọ́n bá wa ṣe ìṣọ́ òru, a kò ní gbàgbé oore wọn. Àwọn mìíràn sì rí ìran fún wa. Ẹnìkan rí ìbejì. Òmíràn rí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, ó ní kí a ti máa ra aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ìyá ọkọ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bí a bá tẹ̀lé ìyẹn ni, à bá ti sọ ìyá wa di ọ̀tá, ìyá tí ó ń kúnlẹ̀ ní ìdájí lójoojúmọ́ láti bẹ Ọlọ́run nítorí tiwa.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí ó le jù ni ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. A gbààwẹ̀, ara kò gbóná. A gbàdúrà, àlá kò wá. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ máa ń wá sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí òkè báyìí báyìí, agbára ń bẹ níbẹ̀." Kò burú láti gun òkè lọ gbàdúrà, Olúwa wa pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń ti òkè kan bọ́ sí òmíràn nítorí pé ti àná kò mú ara rẹ̀ gbọ̀n, kí ni ó ń wá gan-an?

Ẹ rántí ejò idẹ. Nínú aginjù, Ọlọ́run ní kí Mósè rọ ọ́, kí ó sì gbé e kọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, tí ó bá wò ó, a yè (Númérì 21). Kì í ṣe iṣẹ́ èṣù, Ọlọ́run ni ó pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn náà tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì wá ń sun tùràrí sí i. Nígbà tí Hesekáyà jọba, ó fọ́ ọ túútúú (2 Ọba 18:4). Ohun tí ó gba àwọn bàbá là ti di òrìṣà fún àwọn ọmọ.

Kì í ṣe Ísírẹ́lì nìkan ni èyí lè bá. Ní oṣù Keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, ní Iléṣà, láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì kí Olúwa tó pè é ní ọdún 1928. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wá, wọ́n gbé omi wá kí ó gbàdúrà sí i, ọ̀pọ̀ sì jẹ́rìí ìwòsàn. A fi ògo fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n omi a máa tán nínú ìgò. Wòlíì náà pàápàá sùn nínú Olúwa ní ọdún 1959. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé omi nìkan ni ó bá lọ sílé, kí ni ó kù fún un? Ẹni tí ó bá Jésù pàdé níbẹ̀ ni kò pàdánù ohunkóhun.

Jóòbù pẹ̀lú wá Ọlọ́run kiri níwájú àti lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì, kò fojú kàn Án. Síbẹ̀ ó di ọ̀rọ̀ Rẹ̀ mú, ó sì gbà pé Ọlọ́run mọ ọ̀nà òun (Jóòbù 23:8-12). Ibẹ̀ ni àwa náà fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ní aago 10 alẹ́, a ń ka orí Bíbélì kan, yálà ara wa yá gágá tàbí ó tutù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a bá ti ibi ìkómọ ẹlòmíràn dé, tí àdúrà kò yá lẹ́nu, a máa ń sọ fún Un pé kò yá lẹ́nu. Kò sí ohùn láti ọ̀run, ṣùgbọ́n a kì í dìde níbẹ̀ bí ẹni tí kò ní Bàbá. A ṣì ń bẹ̀ Ẹ́ fún ọmọ. A kò sì ní tìtorí ọmọ fi Í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ara wa wò. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru tí ilẹ̀ mì tìtì, ǹjẹ́ a dárí ji ẹni tí ó ṣẹ̀ wá? Ǹjẹ́ a san gbèsè tí a jẹ? Ǹjẹ́ ohùn wa rọ̀ sí aya, sí ọkọ àti sí ọmọ ọ̀dọ̀? Bí ìpàdé Sunday tó ń bọ̀ bá dákẹ́ rọ́rọ́, tí ẹnikẹ́ni kò ṣubú, tí a kò sọtẹ́lẹ̀, ṣé a ó lè sọ pé inú wa dùn láti wà lọ́dọ̀ Rẹ̀?

Bí Ó bá fún wa ní ìran, a ó dúpẹ́. Bí kò bá fún wa, Òun náà ni Ọlọ́run wa. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí ń wá Òun tìkára Rẹ̀, ní orúkọ Jésù. Àmín.