Má Fi Ẹni tí Ń Kọ́ Èdè Rẹ́rìn-ín

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ ti bi yín ní ìbéèrè rí nínú kíláàsì, kí ìdáhùn sì wà ní ẹnu rẹ, ṣùgbọ́n kí o pa ẹnu mọ́ nítorí pé o ń bẹ̀rù kí o má ṣi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣe ọ́ rí, tìrẹ ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí o bá sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tìrẹ ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ipò méjèèjì.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ wa pè mí dìde pé kí n sọ nípa ìdílé mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa bàbá mi, pé àgbẹ̀ ni, pé ó ní oko kòkó, pé ó máa ń jí kí àkùkọ tó kọ. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú èdè wa, “ó” kan náà ni a ń lò fún ọkùnrin àti fún obìnrin, àti fún ewúrẹ́ pàápàá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin ni mo ń lò fún bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pè mí ní “Bàbá-mi-obìnrin.” Ó lé ní ọdún kan kí n tó tún la ẹnu mi sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú ènìyàn láìjẹ́ pé wọ́n fi dandan mú mi.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí n mú ọ lọ sí ìlú Hangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 2007, iṣẹ́ gbé mi dé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Adágún ńlá kan wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, òun ni wọ́n sì fi ń pè é ní Adágún Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn òkè tí wọ́n gbin tíì sí kò jìnnà sí i, igi sì ṣíji bo etí omi rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, mo jókòó sí etí adágún náà. Mo rí ìyá àgbà kan tí ó ń ti ọmọdébìnrin kan síwájú díẹ̀ díẹ̀. Ọmọ náà yóò rìn ní ìṣísẹ̀ méjì, yóò padà ní ọ̀kan. Níkẹyìn, ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kí mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bèèrè bóyá mo lè gba òun láyè láti bá mi sọ èdè náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ní kò burú.

Má ṣe rò pé ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ tí ń dá àlejò lọ́nà ni. Nǹkan tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wọn ni, ó sì ní ìdí. Láti ọdún 1966 títí di ọdún 1976, rúkèrúdò ńlá kan dà wọ́n láàmú, nínú èyí tí ènìyàn lè rí ìyà nítorí pé ó ń bá ará òkè òkun kẹ́gbẹ́ tàbí pé ó ń ka ìwé wọn. Ní ọdún 1977, wọ́n dá ìdánwò àṣewọlé yunifásítì padà. Ní ọdún 1978, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òwò àti fún àlejò. Òùngbẹ èdè Gẹ̀ẹ́sì wá ń gbẹ àwọn ènìyàn. Wọ́n ní ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹni bá wọn sọ ọ́. Ní gbàgede bí irú èyí tí a ń pè ní Ọgbà Àwọn Ènìyàn ní ìlú Shanghai, àgbà àti ọmọdé a máa pàdé láti bá ara wọn sọ Gẹ̀ẹ́sì lásán. Bí àlejò kan bá sì kọjá, wọn a yí i ká. Ní ọdún 2001, ìjọba pàṣẹ pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní èdè náà láti kíláàsì kẹta ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ní Hangzhou yìí kan náà ni wọ́n bí Jack Ma sí ní ọdún 1964. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìtura tí àwọn àlejò ń wọ̀ sí, yóò sì mú wọn rìn yí ìlú ká láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n sáà ti bá òun sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Ó kùnà nínú ìdánwò àṣewọlé yunifásítì nígbà méjì kí ó tó yege nígbà kẹta. Ó di olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó sì di ọdún 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ Alibaba sílẹ̀. N kò sọ èyí kí o lè rò pé gbogbo ẹni tí ó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò di olówó. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ pé ẹnu tí a fi ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ lónìí ni a óò fi sọ ọ́ dáadáa lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí etí adágún. Ọmọ náà bi mí ní orúkọ mi, ó bi mí ní ìlú mi, ó sì bèèrè bóyá ìlú tiwọn wù mí. Lẹ́yìn èyí ni ó ń sọ nípa ìdílé rẹ̀. Ó ní bàbá òun ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni ó lò fún bàbá rẹ̀! Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. N kò rọra rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Mo rín in sókè. Ojú ọmọ náà pọ́n, ó wo ilẹ̀, ó dákẹ́, ó sì padà lọ di ọwọ́ ìyá àgbà mú. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Bí ẹ̀rín náà ti kúrò ní ẹnu mi ni mo mọ ohùn tí mo gbọ́. Ẹ̀rín olùkọ́ mi ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo bi ògbufọ̀ wa léèrè, ó sì sọ fún mi pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹnu àwọn ará Ṣáínà ń pè fún ọkùnrin àti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí “ó” tiwa. Ọmọ náà kò gọ̀. Èdè ìyá rẹ̀ ni kò fi ìyàtọ̀ náà sí i lẹ́nu, gẹ́gẹ́ bí tèmi kò ti fi sí mi lẹ́nu. Èmi tí ó yẹ kí n mọ̀ jù lọ, èmi ni mo fi í rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé n kò sùn dáadáa.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo tètè lọ síbẹ̀. N kò retí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò ti ọmọ náà. Kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀, ó dúró níwájú mi, ó kí mi, ó sì sọ fún mi pé bàbá òun ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ó fi ohùn tẹ ọ̀rọ̀ ọkùnrin mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kan ìṣó.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo dìde, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì sọ ìtàn “Bàbá-mi-obìnrin” fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá àgbà, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọsàn kan fún mi. Ọmọ náà wá bèèrè bí a ti ń kí ènìyàn ní èdè tèmi. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀.” Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè sódò bí ó ti yẹ, nítorí pé èdè tiwọn náà kò lè ṣe láìsí ohùn. Inú mi dùn ju bí mo ti lè wí lọ.

Ọ̀rẹ́ mi, wo ọmọ náà dáadáa. Ó kọ́kọ́ tọrọ àyè kí ó tó sọ̀rọ̀, nítorí pé àlejò lè rẹ̀, ó sì lè má fẹ́ ọ̀rọ̀. Ó ń kọ́ èdè àjèjì, síbẹ̀ èdè ìyá rẹ̀ ni ó fi ń bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì fi í pamọ́. Nígbà tí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó fi lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Èmi lo ju ọdún kan lọ. Àwọn mìíràn tí a jọ wà ní kíláàsì náà kò tún la ẹnu mọ́ títí wọ́n fi kúrò ní ilé-ìwé, a kò sì mọ ohun tí wọn ì bá sọ fún wa.

Nítorí náà, bí olùkọ́ bá pè ọ́ lọ́la, dìde, kí o sọ ìwọ̀n tí o mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tí ó jókòó tì ọ́ ni ó dìde, tí ó sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ, pa ẹ̀rín rẹ mọ́. Dúró dè é títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán.