Orúkọ Ta Ló Wà Lára Káàdì Yín?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú káàdì báǹkì yín jáde kí ẹ wo igun rẹ̀. Orúkọ báǹkì yín wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀yin náà lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kẹta kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà. Lára ti ọkọ mi, Mastercard ni. Lára tèmi, Verve ni. Orúkọ kẹta yìí ló ń sọ ẹni tí ó ni ọ̀nà tí owó náà ń gbà.

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni Visa àti Mastercard. Òfin tí Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ṣe fún ẹ̀rọ POS ni pé bí káàdì Nàìjíríà bá sanwó fún oníṣòwò Nàìjíríà, abẹ́lé ni kí iṣẹ́ náà parí sí. Kò gbọdọ̀ gba òkè òkun lọ kí ó tó padà wá. Síbẹ̀, báǹkì ṣì ń san owó fún ẹni tí ó ni orúkọ ara káàdì, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó ti Ìlọrà wá ra ọsàn ní Fìdítì, náírà ni ó ná, náírà ni ọlọ́sàn gbà, síbẹ̀ dọ́là ní ìpín níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lára wa. Ọ̀kẹ́ tí a ṣì fi ń ka iye títí dòní, àpò owó ẹyọ 20,000 ni. Owó ẹyọ ọ̀hún tí a rò pé ti àwọn baba ńlá wa ni, láti erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Yúróòpù rí irú rẹ̀ mìíràn tí ó pọ̀ yanturu ní Zanzibar, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa. Iye owó ẹyọ já wálẹ̀. Ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ jọ sínú ìkòkò ni ìyà náà jẹ, kì í ṣe ẹni tí ó kó o wá. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ ní 1912, London ni wọ́n sì ti ń darí rẹ̀. Ọdún 1959 ni Báǹkì Àpapọ̀ tiwa tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nítorí náà, inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ pé a ń la ọ̀nà tiwa. A kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n dá NIBSS sílẹ̀, èyí tí Báǹkì Àpapọ̀ àti àwọn báǹkì yòókù jọ ni. Ilé-iṣẹ́ Interswitch gbé Verve jáde ní 2009. Láti 2011 ni owó tí a ń fi ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ti ń dé lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, Báǹkì Àpapọ̀ àti NIBSS gbé káàdì AfriGO jáde. Rọ́ṣíà ti kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2022, nígbà tí Visa àti Mastercard dáwọ́ iṣẹ́ dúró níbẹ̀ nítorí ogun Ukraine. (N kò gbè sẹ́yìn ẹni tí ó gbógun ti aládùúgbò rẹ̀ o.) Àwọn ará ibẹ̀ kò lè fi káàdì wọ̀nyí náwó nílẹ̀ òkèèrè mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń fi ra búrẹ́dì ládùúgbò wọn, nítorí pé wọ́n ti la ọ̀nà abẹ́lé sílẹ̀ ṣáájú.

Ṣùgbọ́n àsìkò tí AfriGO dé gan-an ni ojú wa rí màbo ní Fìdítì. Wọ́n ti ní kí a dá owó bébà àtijọ́ padà, tuntun kò sì tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ọlọ́sàn, ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó lẹ́bàá títì. Oníbàárà kan gbé ọkọ̀ wá láti Ìbàdàn, ó ra ọ̀pẹ̀yìnbó, ó fi fóònù sanwó.

"Ìyá, owó ti kúrò lọ́dọ̀ mi."

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ mi."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Wọ́n jókòó sábẹ́ ibòji títí ilẹ̀ fi ṣú. Báǹkì tirẹ̀ ní kí wọ́n lọ bi ti ìyá. Ti ìyá ní kí wọ́n lọ bi tirẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni owó náà padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Nígbà yẹn, omi ọ̀pẹ̀yìnbó ti ń ṣàn sílẹ̀, eṣinṣin ti gbà á.

Kò sí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kankan nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Láàárín ara wa ni. Alájọ Ìyá Ọlọ́sàn kò ní ẹ̀rọ kankan, káàdì pélébé tí ó fi ń sàmì ni ó ní. Ṣùgbọ́n ìyá mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ẹni tí yóò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Èyí ni mo rò pé ó kù nínú iṣẹ́ tí a ń ṣe: bí owó bá há, kí ẹnì kan wà nítòsí tí yóò dáhùn, tí yóò sì dá a padà kí ọjà tó bàjẹ́. Orúkọ ilẹ̀ wa lára káàdì kì í dá ọ̀pẹ̀yìnbó dúró kí ó má jẹrà.

Nígbà tí ọjọ́ káàdì mi pé, mo ní kí báǹkì fún mi ní ti abẹ́lé. Akọ̀wé náà bi mí bóyá n kì í ra nǹkan láti òkè òkun. Ìbéèrè gidi ni. Nítorí owó ìdánwò àwọn ọmọ ni ọkọ mi ṣe fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti ọjà, ti epo, ti oògùn, tèmi la ń lò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń ṣe POS ní Ìlọrà kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì kọ wákàtí tí wọ́n lè rí i bí owó bá há. Àwọn kan ń gun ọ̀kadà láti Akínmọ̀rìn, wọ́n á kọjá ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.