WỌ́N Ń FI EJÒ ṢE AYA FÚN EJÒ TÍ KÌ Í ṢE IRÚ RẸ̀! Kí ni tiwa ní Èjìgbò níbẹ̀?

Àwọn àgbà ló ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Wọ́n ní bí paramọ́lẹ̀ bá ṣíwájú, tí sèbé tẹ̀lé e, tí oká ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fetí sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ tuntun. Àwọn kan wà nílùú òyìnbó tí wọ́n ń mú ejò rìn pọ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe ìrìn lásán, ìgbéyàwó ni! Wọ́n á mú akọ irú ejò kan, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú abo irú ejò mìíràn, títí wọn yóò fi gùn, tí abo yóò fi yé ẹyin. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ kò jọ bàbá tán, kò jọ ìyá tán. Owó gidi ni wọ́n sì ń tà á.

Ẹ lè ní, "Kí ló kàn wá nínú wèrè òyìnbó?" Ó kàn wá o. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí ni wọ́n ti ń kó ọ̀kan nínú àwọn ejò tí òyìnbó ń sìn jù lọ, ọ̀nà tí àwọn ọmọ Èjìgbò sì ń tọ̀ lọ sí Àbíjàn gba àárín òwò náà kọjá.

ÌLÚ ARÌNRÌN-ÀJÒ

Ẹni tó bá gba Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ẹdẹ wọ Èjìgbò yóò rí i pé ìlú Ògìyán kì í ṣe ìlú kékeré. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àwọn tí wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò lé ní 132,000. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń ná ọjà, wọ́n sì ń fi atòrì na ara wọn lọ́jọ́ ọdún Òrìṣà Ògìyán. Àmọ́ ohun tí a fi mọ̀ wọ́n jù ni ìrìn àjò. Yóò ṣòro kí ẹ tó rí agboolé kan tí kò ní ọmọ tàbí ẹbí ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ẹ óò gbọ́ Faransé àti Yorùbá lẹ́nu ẹnì kan náà. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì á gbéra, ó di Kútọnu, ó di Lómẹ̀, ó di ilẹ̀ Gánà, ó di Àbíjàn.

Kí n tó máa wí nípa ọ̀nà jíjìn, mo kọ́kọ́ lọ sọ́nà oko lẹ́bàá Ọlá, mo bá bàbá ọdẹ kan níbẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Àrìnpa ọdẹ o, bàbá." Mo bi wọ́n nípa erè.

Wọ́n ní, "Erè méjì làwa mọ̀, ọmọ mi. Ọ̀kan ńlá tó lè gbé ewúrẹ́ mì. Ìkejì kékeré ni, onítìjú. Bí o bá fọwọ́ kàn án, á fi orí pamọ́ sáàárín, á ká ara rẹ̀ róbótó bí òkèlè."

Mo ní, "Bàbá, ṣé àwọn méjèèjì máa ń fẹ́ ara wọn?"

Ẹ̀rín pa bàbá. "Ta ni yóò ṣe alárinà wọn kẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ bàbá múná. Erè kékeré yẹn ni òyìnbó ń pè ní ball python, nítorí pé ó ń ká bíi bọ́ọ̀lù. Kì í sábà gùn tó mítà méjì. Erè ńlá lè gùn ju mítà márùn-ún lọ. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, bẹ́ẹ̀ irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Alárinà tí bàbá ń béèrè ti dé báyìí. Ẹni tó ní àpótí, iná mànàmáná àti oníbàárà ni.

OUIDAH Ń BỌ Ọ́, LÓMẸ̀ Ń TÀ Á

Bí bọ́ọ̀sì Àbíjàn bá kúrò ní Kútọnu, kò ju nǹkan bí 40 kìlómítà lọ tí yóò fi kan ìlú Ouidah. Níbẹ̀, erè kékeré yìí kan náà, ọlọ́lá ni. Dangbé ni wọ́n ń pè é. Ó ní ilé òrìṣà tirẹ̀, tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá. Wọ́n a máa tú wọn sílẹ̀ lóru kí wọ́n lọ wá oúnjẹ. Bí ọ̀kan bá wọ ilé onílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na igi sí i. Wọ́n á rọra gbé e padà sílé ni.

Ẹ wá tẹ̀síwájú dé Lómẹ̀, ní ilẹ̀ Tógò. Ejò yìí náà ló di ọjà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọdẹ Tógò, Benin àti Gánà á máa gbẹ́ ihò nínú oko, wọ́n á kó abo tó lóyún àti ẹyin. Wọ́n á gbé wọn lọ sí oko ọ̀sìn ejò. Ẹyin á pa níbẹ̀, wọ́n á kó àwọn ọmọ sínú àpò aṣọ àti àpótí, ó di inú ọkọ̀ òfuurufú, ó di Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Láti bí ọdún 1975 sí àkókò yìí, àwọn tó ti lọ bẹ́ẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ dáadáa.

Òwò náà ní òfin o. Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní CITES, ó kan gbogbo erè pátá. Ẹni tí yóò kó wọn kọjá bodè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìjọba. Nàìjíríà wọ àdéhùn náà lọ́dún 1974. Lọ́dún 1985, a ṣe òfin tiwa lórí àwọn ẹranko tí ìparun ń dún mọ́, wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2016. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wọ bọ́ọ̀sì, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ bá òun gbé báàgì kan dé Lómẹ̀, tí báàgì náà sì ń mí, ẹ má gbà o!

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Lóhùn-ún, ẹ̀ka méjì ni iṣẹ́ àwọn tó ń sin ejò pín sí. Èkíní, wọ́n ń mú erè kékeré fún erè kékeré, kí wọ́n lè rí ọmọ aláwọ̀ àrà. Lọ́dún 1992, ará Amẹ́ríkà kan, Bob Clark, bí ọmọ erè àfín nínú ilé. Láti ìgbà náà ni àwọ̀ oríṣiríṣi ti ń jáde. Ìyẹn kì í ṣe ìjà, irú kan náà ṣì ni. Ẹ̀ka kejì ló dá awuyewuye sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń mú irú kan fún irú mìíràn.

Wọ́n ti mú erè Ọsirélíà fún erè aláwọ̀ ewé ti New Guinea. Wọ́n ti mú ejò tó gùn jù láyé, ti ilẹ̀ Éṣíà, fún erè ilẹ̀ Burma. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti mú ejò àgbàdo, tí wọ́n ń pè ní corn snake, fún kingsnake. Kingsnake yìí, ẹ gbọ́ ná, ejò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ! Ẹni tó bá ń ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n, kí ọkọ má lọ fi ìyàwó ṣe oúnjẹ alẹ́.

Bí erè bá yé, wọ́n á kó ẹyin sínú ẹ̀rọ tó ń mú ooru dúró lójú kan, bí ìwọ̀n 31 tàbí 32 Celsius. Ti erè kékeré a máa pa ní nǹkan bí ọjọ́ 60. Ẹ mọ̀ pé ìbaaka, ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kì í bímọ. Ti ejò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ejò àdàpọ̀ yìí ń bí. Ọmọ corn snake àti kingsnake a máa bí ọmọ tirẹ̀ dáadáa.

ÌHÀ MÉJÌ

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní, "Kí ló burú níbẹ̀?" Wọ́n ní inú àpótí ni ejò wà, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n ní nínú igbó pàápàá, ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé irú méjì tó sún mọ́ra bí ọmọ fún ara wọn. Wọ́n ní nípa rẹ̀ ni onímọ̀ fi ń mọ ejò tó jẹ́ ìbátan.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní àmúlùmálà gbáà ni. Wọ́n ní bí ó bá pẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ojúlówó mọ́. Ẹni tó ra ọmọ ejò pé yóò dúró ní mítà kan ààbọ̀ lè jí lọ́jọ́ kan kó bá òpó nínú àpótí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọjà Èjìgbò, lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àdàpọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹja háíbíríìdì tí àwọn elẹ́ja ń sìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, irú ẹja àrọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n mú pọ̀, nítorí kí ó lè tètè tóbi. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èjìgbò níhìn-ín kò ní ṣàìmọ̀ ọ́n.

Ìyá ní, "Ọmọ mi, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú háíbíríìdì. Òun ni mo fi ń rán ọmọ níwèé. Àmọ́ bí oníbàárà bá bi mí, mo máa ń sọ ohun tó jẹ́ fún un. Ẹja, jíjẹ ni. Bó bá wọ ìkòkò, ó parí. Ejò tiwọn yẹn, ìkòkò ta ni yóò wọ̀?"

Ìyá ti là á mọ́lẹ̀.

ORÚKỌ EJÒ NI OÒGÙN EJÒ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun èmi jù rèé. Erè kò ní oró. Àmọ́ àwọn kan ti ń mú paramọ́lẹ̀ fún paramọ́lẹ̀ tí kì í ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ejò bá bu ènìyàn ṣán, ìbéèrè tí oníṣègùn ìbílẹ̀ àti dókítà jọ máa ń béèrè ni, "Irú ejò wo ni?" Kì í ṣe àbùṣe ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe oògùn oró ejò ni pé wọ́n á fún ẹṣin tàbí àgùntàn ní oró ejò kan pàtó díẹ̀díẹ̀, ara ẹran náà á pèsè ohun tó ń bá oró yẹn jà, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oògùn ejò kan lè má ran ti èkejì rárá.

Nàìjíríà ní méjì tó lórúkọ. EchiTAb-G wà fún carpet viper, ejò kékeré tó ń pa àgbẹ̀ lókè Ọya. EchiTAb-Plus wà fún òun náà, fún puff adder, àti fún sèbé tó ń tu oró síni lójú. Ẹni tó bá dé ilé ìwòsàn Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àwọn tí ejò bù ṣán lọ láti ọ̀nà jíjìn. Lọ́dún 2017, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi oró ejò kún àwọn àrùn tí ayé pa tì.

Ẹ wá wò ó. A kò tíì rí oògùn tó pọ̀ tó fún ejò tí a mọ orúkọ rẹ̀, ẹnì kan tún ń ṣe èyí tí kò lórúkọ. Oró ọmọ àdàpọ̀ lè ní ti bàbá àti ti ìyá nínú. Bó bá gé ẹni tó ń sìn ín jẹ, oògùn ta ni dókítà yóò gbé?

WỌ́N NÍ KÒ NÍ JÁDE, Ó JÁDE

Àwọn tó ní inú àpótí ni yóò wà, kí wọ́n bojú wo Florida ní Amẹ́ríkà. Erè Burma tí wọ́n kó lọ ṣe ohun ọ̀sìn ti kún inú irà ńlá tí wọ́n ń pè ní Everglades, ó ń jẹ ẹran ibẹ̀ run. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò erè bí 400 níbẹ̀. Wọ́n rí àmì ẹ̀jẹ̀ erè Íńdíà lára 13 nínú wọn. Ìgbéyàwó tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ ti wà nígboro.

Erè ńlá tiwa yìí pàápàá dé ẹ̀yìn ìlú Miami, ó ń bímọ níbẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn onímọ̀ pé kó má lọ fẹ́ ti Burma. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba wọn fòfin de kíkó irú àwọn erè ńlá bẹ́ẹ̀ wọlé, òfin náà sì dárúkọ ẹyin wọn àti ọmọ àdàpọ̀ wọn.

ÈRÒ TÈMI

Bí ẹ bá ní kí n sọ tinú mi, mi ò ní sọ pé àdàpọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí a da ẹja háíbíríìdì nù. Àmọ́ ohun tí a bá dà pọ̀, ó yẹ kí ó ní ìdí, kí ó ní orúkọ, kí ó sì ní òpin. Ẹja ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ejò àdàpọ̀, ojúkòkòrò àti ìran ni ìdí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó ń tà á ló kù sí. Òpin rẹ̀, Florida ti fi hàn wá. Ti olóró ní tirẹ̀, kí wọ́n fòfin dè é pátápátá.

Ẹ̀yin bàbá ọdẹ ní Ọlá, Ìwátà, Ìfẹ́-Ọ̀dàn àti Màsífà, erè ń bá àgbẹ̀ pa eku. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbẹ́ ihò kó abo pẹ̀lú ẹyin, owó ọdún kan ló fún yín, eku ọdún mẹ́wàá ló fi sílẹ̀ fún yín.

Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni ṣán, ẹ má fi abẹ gbẹ́ ẹ, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò, kí ẹni náà má rìn, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ẹ má lé ejò láti mú un. Ẹ kàn rántí àwọ̀ rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó.

Ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò nílé àti ní Àbíjàn, kí ni ẹ rí sí i? Ṣé kí wọ́n máa mú ejò fún ejò, àbí kí wọ́n jáwọ́? Ojú ewé lẹ́tà ń retí yín. Ẹ kọ ọ́ kó ṣe ṣókí, kí ẹ sì fi orúkọ ìlú yín sí i.