Ibi Tí Kì Í Dún

Ariwo ọkọ̀ tó ń dún ṣáá kì í pẹ́ tú àṣírí ara rẹ̀. Èyí tó ń dún tó tún ń dákẹ́ ló ń gbọ́n owó lápò ẹni, nítorí ó dà bí aláìsàn tí ara rẹ̀ ń yá gágá ní gbàrà tó bá ti rí dókítà.

Píjò 504 ni ọkọ̀ tí mò ń wí. Ọdún 1968 ni wọ́n gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irú Píjò bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Sítéṣọ̀n wágọ̀n rẹ̀ ní àsẹ̀lì kan gbọnrangandan lẹ́yìn nítorí ẹrù. Ṣùgbọ́n nínú saloon tí mo jogún, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló dá dúró lórí apá tirẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó rọni lára lójú gálọ́ọ̀pù, òun náà ló sì jẹ́ kí oríkèé àti rọ́bà pọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Tèmi ń dún kọ̀, kọ̀, lápá ọ̀tún ẹ̀yìn. Mẹkáníìkì kan wà á gun bọ́ǹpù iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ ó ní kí n lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjì.

Bàbá kan nítòsí Gate n'Ìbàdàn ni mo wá gbé e lọ bá. Wọn ò tiẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ fi ibi tó ti ń dún sílẹ̀ ná. Ibo ni kì í dún?”

Mo ronú. Kì í dún lórí ẹsípírẹ́ẹ̀sì. Kì í dún lórí bọ́ǹpù, bó ti wù kó ga tó.

Bàbá kó jáàkì, sípánà àti kẹ́ẹ̀gì omi kúrò nínú bùútù, a jáde: ó ṣì ń dún. Wọ́n fa háńbúréèkì díẹ̀ bí a ti ń rọra lọ: kò dákẹ́, a jẹ́ pé kì í ṣe bíréèkì. Wọ́n wá jẹ́ kí táyà ọ̀tún nìkan kó sí kòtò. Kọ̀! A gun bọ́ǹpù, táyà méjèèjì gòkè pọ̀, kẹ́kẹ́ pa.

Ọ̀pá irin kan ló so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún mọ́ ti òsì, kí ọkọ̀ má baà fì jù ní kọ́nà. Sìtàbíláísà ni wọ́n ń pè é. Bí táyà méjèèjì bá gòkè pọ̀, yíyí lásán ló ń yí. Bí ọ̀kan bá dá gòkè, ìgbà náà ni agbára wọ̀ ọ́, tí ìsopọ̀ rẹ̀ tí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ á sì máa kan irin. Ẹni tó bá fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè láti àárín kò lè rí i, torí ẹsẹ̀ méjèèjì ló jọ rọ̀ dẹ̀dẹ̀.

Bàbá tú ìsopọ̀ náà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fi wáyà so ọ̀pá náà sókè, a rọra wa ọkọ̀ lọ: kò dún. Èyí ìbá tó ẹlòmíràn. Wọ́n tún dá rọ́bà jíjẹ náà padà sáyè rẹ̀, wọ́n dè é, a jáde, ó sì dún. Títú àti dídè nìkan a máa pa ariwo lẹ́nu mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó pààrọ̀ nǹkan á sì rò pé òun ti rí i. (Mo mọ ọ̀mọ̀wé tí kì í yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀.) Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra rọ́bà.

Ṣọ́ọ̀kì tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní kí n pààrọ̀ ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ náà, kò sí ohun tó ṣe é.