Ìkògòsì Fún Ẹsẹ̀ Tó Ń Bọ̀ Sípò

Kì í ṣe gbogbo ibi tó lókìkí ló yẹ ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sàn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé orí Òkè Ìdànrè. Ta ni yóò fi ọ̀pá gun ìyẹn? Nígbà tí dókítà tú P.O.P. kúrò ní kókósẹ̀ mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ó sì ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, Ìkògòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ni èmi àti baálé mi yàn láti gbé ìbejì wa lọ.

Láti Ìbàdàn, a gba Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ìjókòó pípẹ́ kò dára fún ẹsẹ̀ tó fara pa, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan rẹ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni a ń dúró, kí n lè sọ̀ kalẹ̀ rìn yí ọkọ̀ ká. Ọ̀nà náà gùn sí i, ṣùgbọ́n ìdúró wọ̀nyẹn ni a fi ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà.

Ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, omi Ọlúmirìn ń já bọ́ láti orí àpáta ní ìpele méje. Baálé mi àti àwọn ọmọ gòkè lọ sí ìpele kejì. Èmi jókòó nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ igbe ayọ̀ wọn. Ó dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ti ń bá mi pọn omi ìwẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí: àwọn lókè, èmi nísàlẹ̀.

A gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè dé Ìkògòsì. Níbẹ̀, omi kan ń sun jáde láti inú ilẹ̀ ní gbígbóná, èkejì ń ti ẹ̀gbẹ́ mìíràn bọ̀ ní tútù. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ènìyàn lè ki ọwọ́ kan bọ gbígbóná, kí ó ki èkejì bọ tútù. Ìtàn ibẹ̀ ni pé ìyàwó méjì ọkùnrin kan ni wọ́n: oníbìínú di gbígbóná, onísùúrù di tútù.

Ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ náà kún, mo fi ọ̀pá sílẹ̀ létí omi, mo di ọwọ́ baálé mi mú. Omi gbé ìwúwo ara mi. Mo ka ìṣísẹ̀ méjìlá.

“Ìyá Ìbejì, ó tó báyìí o. Ọ̀la ń bọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹyọ kan sí i,” ni mo dá a lóhùn.

Nírọ̀lẹ́, a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú ibẹ̀, a pàgọ́ sórí ilẹ̀ títẹ́jú tí kò jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kíká ni mo sùn lé, kì í ṣe ẹní, nítorí dídìde láti ilẹ̀ ṣòro. Àpò aṣọ ni mo gbé ẹsẹ̀ lé kí ó má baà wú, tọ́ọ̀ṣì sì wà nítòsí mi.

Ẹ̀yin tí ẹni yín ń gba ìtọ́jú ẹsẹ̀ nílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ yan ibi tí àtẹ̀gùn kò pọ̀, kí ẹ sì ka ìdúró mọ́ ìrìn àjò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlá ni mo gbé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ogún.