Tara Ẹni Là Ń Kọ́ Gbọ̀n

Ó pẹ́ tí àwa méjèèjì, tọkọtaya, ti fẹ́ kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá. Ohun tó mú wa kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ọmọ wa obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti dàgbà, ó sì ń múra láti dá wọ ọkọ̀ òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí a ti jókòó láti kìlọ̀ fún un ni a rí i pé ó yẹ kí ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ní ọdún 2011, a ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ wá sí Èkó. Ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, àárín wa ló jókòó sí. Nígbà tí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ dìde láti fi hàn wá bí a ti ń lo ìbòmú tí ń fún ènìyàn ní afẹ́fẹ́ mí, ọ̀kan nínú wa ń ka ìwé ìròyìn, èkejì ń bọ́ bàtà ọmọ. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà títí, a rò pé a ti mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ ti ṣú, a ti jẹun tán, a sì ti dé òkè aṣálẹ̀ Sàhárà, nígbà tí etí ń dùn wá lójijì. Òtútù gba inú ọkọ̀ kan. Kí a tó bi ara wa léèrè ohun tó dé, àwọn ìbòmú já bọ́ láti òkè, wọ́n ń rọ̀ dirodiro níwájú wa, ọkọ̀ sì dorí kọ ìsàlẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń ké pe Ọlọ́run.

Ìyá ọmọ nawọ́ mú ìbòmú, ó fẹ́ fi sí ọmọ nímú. Ọmọ ń sunkún, ó ń mi orí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ìyá ti gbójú sókè láti pe bàbá kó wá ràn án lọ́wọ́, ó rí i pé bàbá ti fi ìbòmú tirẹ̀ sí, nígbà tí ọmọ kò tíì ní. Ohun tó rí gbẹ̀yìn nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, kò rí okùn ìbòmú mọ́, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí títí di òní. Bàbá ló gba ìbòmú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sí ọmọ, ó sì fi ti ìyá sí i.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ awakọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ti tú jáde, pé òun ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà, níbi tí ènìyàn ti lè mí láìsí ìbòmú. A balẹ̀ sí ìlú kan ní àríwá Áfíríkà. Kò sí ẹni tó kú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí gbọ́, wọ́n ń bèèrè pé bàbá wo ni í du ẹ̀mí ara rẹ̀ kó tó du ti ọmọ. Ìyá kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n oúnjẹ nìkan ló ń wá sórí tábìlì, ọ̀rọ̀ kò wá. Bàbá pàápàá kò lè gbèjà ara rẹ̀, nítorí ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kì í ṣe ìkìlọ̀ òṣìṣẹ́ ni òun rántí. Ẹ̀rù ló bà á. Báyìí ni a gbé fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ìyá àgbà, tó bí ìyàwó, ló tú wa sílẹ̀. Ó wá kí wa, ó rí bí ilé ti rí, ó sì bèèrè. Nígbà tí ó gbọ́ tán, ó wo ọmọ rẹ̀, ó ní: “Ìwọ náà kò gbọ́ ọ rí ni? Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́ gbọ̀n. Bí ìyá bá jóná tán, ta ni yóò gbọn tọmọ?”

Ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń pa òwe yìí bí ẹni pé ti anìkànjọpọ́n ni. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ló jẹ́ kí a wádìí. A rí i pé ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 60 péré ni ènìyàn ní, kí ọpọlọ rẹ̀ tó dẹ́kun iṣẹ́ rere. Kò ní dùn ún, ọ̀fun kò sì ní fún un. Ara lè tù ú pàápàá, nígbà tí ọgbọ́n ń lọ. Ẹ̀rín músẹ́ ìyá nìyẹn. Òbí tó bá dákú kò lè ran ọmọ kankan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òbí tó ń mí lè fi ìbòmú sí ọmọ tó ti dákú pàápàá, kó sì jí.

A kà nípa ọkọ̀ Helios tó ń ti Larnaca ní Kípírọ́sì lọ sí Áténì ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2005. Afẹ́fẹ́ kò dúró nínú ọkọ̀ náà bó ti ń gòkè. Agogo ìkìlọ̀ dún, ṣùgbọ́n àwọn awakọ̀ rò pé nǹkan mìíràn ni, wọn kò fi ìbòmú sí títí wọ́n fi dákú. Ọkọ̀ náà ń fò kiri títí epo rẹ̀ fi tán. Gbogbo ènìyàn 121 tó wà nínú rẹ̀ ló kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kà á, ìyá sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.” Bàbá náà jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ni, kì í ṣe ọgbọ́n. Àwa méjèèjì sunkún.

Nítorí náà, ohun tí a sọ fún ọmọ wa nìyí: Bí òṣìṣẹ́ bá ń sọ̀rọ̀, gbé ìwé sílẹ̀. Di bẹ́líìtì rẹ bí o bá ti jókòó. Bí ìbòmú bá já bọ́, fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ, nítorí fífà yẹn ló ń ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Fi bo imú àti ẹnu, má sì bẹ̀rù bí àpò rẹ̀ kò bá wú, afẹ́fẹ́ ń bọ̀. Tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ fi sí. Lẹ́yìn náà, yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Ó wò wá, ó ní, “Mọ́mì, ṣé ẹ ti dárí ji Dádì?” A rẹ́rìn-ín. A ti dárí ji ara wa, ó pẹ́.