Ó fẹ́ fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ pọn ọtí, ìyá rẹ̀ ní èéfín ló ń wá

Gbogbo ẹni tó bá ti ta oúnjẹ tàbí ohun mímu rí ló mọ̀ pé ẹnu oníbàárà kì í sinmi. Ohun tó dùn mọ́ wọn lónìí, tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ní àwọn ti mọ adùn rẹ̀ tán, kí ọlọ́jà fi nǹkan mìíràn kún un. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn láàárín àwọn tó ń pọn bíà nínú ilé ara wọn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti fi kọfí sí i, wọ́n ti fi oyin sí i, wọ́n ti fi èèpo ọsàn àti ata sí i. Nígbà tó yá, àwọn kan ní ó ku ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹran tútù ni wọ́n ń wí. Békìn ni òyìnbó ń pè é. Ikùn ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń fi iyọ̀ rẹ́, wọ́n á fi èéfín igi yan án, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á wá dín in pẹ̀lú ẹyin láàárọ̀. Òórùn rẹ̀ a máa pe ará ilé kejì. Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ ọtí kan tó ń jẹ́ Rogue, ní ìpínlẹ̀ Oregon, gbé bíà kan jáde tó ní adùn békìn àti adùn oje igi máápù, inú ìgò aláwọ̀ pínńkì ni wọ́n rọ ọ́ sí. Àwọn kan mu ún, wọ́n yìn ín. Àwọn mìíràn tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbé ìgò sílẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí ọ̀rọ̀ bíà oníbékìn yìí wọ̀ lórí. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù ló ń ṣe. Bí ọjọ́ ìsinmi bá ti dé, inú gáréèjì ilé rẹ̀ ló máa wà pẹ̀lú ìkòkò ńlá àti kẹ́ẹ̀gì oníke tó ń gba gálọ̀nù márùn-ún. Kì í ṣe pé ó ń rú òfin o. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1978, ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí àgbàlagbà lè pọn bíà nínú ilé rẹ̀ láì san owó orí fún ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀. Àgbàlagbà kan lè pọn 100 gálọ̀nù lọ́dún. Ilé tí àgbàlagbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà lè pọn 200. Kìkì pé ẹni tó pọn ọ́n kò gbọdọ̀ tà á.

Lọ́jọ́ tó máa dán ti békìn wò, ó dín ẹran náà kún páànù, ó sì dà á sínú bíà tó ń kan lọ́wọ́, tòun tọ̀rá ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀rá ti léfòó bo ojú ọtí bí ọbẹ̀ àná. Bó ṣe rọ ọ́ sínú ife, kò hó rárá. Síbẹ̀, òórùn ẹran yẹn wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó bu ife kan fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ yìí. Kò kúkú sá fún bíà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò fi ẹlẹ́dẹ̀ kan ẹnu rí. Ó mu ọtí náà, ó béèrè pé, "Kí ló ń ta sánsán níbí yìí?" Onílé rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àṣírí oníṣẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò tó oṣù kan tí àwọn ìgò tó kù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà nígbà mẹ́wàá.

Oṣù yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀ bímọ, tí ìyá rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti ilé láti wá wẹ ọmọ. Ìyá ti lé ní àádọ́rin ọdún. Aṣọ ló ń tà kó tó dàgbà, ṣùgbọ́n ní ìgbà ọmọdé rẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni òun àti ìyá rẹ̀ ń pọn tà. Ẹni tó bá mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Wọ́n á rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ewé bò ó títí á fi hu. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó kan. Nígbà tí ìyá rí ọkà báálì tí ọmọ rẹ̀ kó sínú àpò, ó fi eyín gé ẹyọ kan.

"Ọkà tó ti hu ni wọ́n gbẹ yìí," ló wí. "Ta ló ní ti òyìnbó yàtọ̀ sí tiwa?"

Ọmọ gbé ìgò kan wá. "Màmá, ẹ bá mi wo ohun tó ṣe èyí."

Ìyá ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ mi, ọ̀rá lo dà sínú ọtí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ọ̀rá ẹran ni."

"Bí o bá ń fọ àwo ọbẹ̀, ṣé ọṣẹ máa ń hó níbi tí epo bá pọ̀ sí?"

Ọmọ kò fọhùn. Ohun tí ìyá fi àwo ọbẹ̀ mọ̀ ni àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọtí náà ń sọ. Èròjà kan tó ti ara ọkà wá ló ń gbé ìfófó bíà dúró, ọ̀rá sì máa ń já a. Bí ọ̀rá bá sì pẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè kàn án, á bàjẹ́, á sì ba gbogbo ohun tó wà nídìí rẹ̀ jẹ́.

Ọmọ ní àwọn kan gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ní ọdún 2007, ilé ọtí kan ní New York da ọ̀rá békìn sínú wisikí, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ amómidì títí ọ̀rá fi dì lójú rẹ̀, wọ́n yọ ọ̀rá kúrò, òórùn ẹran wá kù sínú wisikí.

"Ògógóró nìyẹn," ni ìyá dá a lóhùn. "Ògógóró lágbára. Bó ṣe ń fa agbára egbò igi jáde náà ló ṣe máa fa òórùn ẹran jáde. Bíà rẹ ńkọ́? Ṣé ó lè ṣe tó bẹ́ẹ̀?" Òótọ́ ló sì sọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wisikí, bí ogójì ló jẹ́ ọtí líle. Ti bíà kì í sábà ju márùn-ún lọ.

Ìyá wá bi í ní ìbéèrè kan tó yẹ kó ti bi ara rẹ̀ látilẹ̀. "Kí ló tiẹ̀ dùn lára ẹran yìí gan-an?"

Ọmọ ronú díẹ̀. "Iyọ̀. Ọ̀rá. Èéfín."

"Ọ̀rá kò bá ọtí rẹ́. Iyọ̀ ńkọ́, ta ló fẹ́ mu ọtí oníyọ̀? Ó ku èéfín. Èéfín lò ń wá, ẹlẹ́dẹ̀ lò ń pa!"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Obìnrin tó bá ń se ọbẹ̀ kò nílò àlàyé lórí èyí. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ẹja tútù sè àti èyí tí wọ́n fi ẹja yíyan sè, ẹja lẹ́ja ń jẹ́, ṣùgbọ́n òórùn wọn kò pa pọ̀. Èéfín ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìlú kan sì wà ní Jámánì tó ti mọ èyí tipẹ́. Bamberg ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́, orí iná igi ni ọ̀pọ̀ àwọn apọntí ilẹ̀ Yúróòpù ti ń gbẹ ọkà tó hu, èéfín á sì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ààrò tí kì í jẹ́ kí èéfín kan ọkà, ọ̀pọ̀ ìlú pa ti àtijọ́ tì. Ní Bamberg, àwọn kan kò pa á tì. Ilé ọtí Schlenkerla tó wà níbẹ̀, tí ìwé ti dárúkọ rẹ̀ láti ọdún 1405, ṣì ń fi iná igi bíìṣì gbẹ ọkà rẹ̀ títí dòní. Àlejò tó bá kọ́kọ́ mu bíà wọn máa ń bú sẹ́rìn-ín pé békìn ni. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹran kankan nínú rẹ̀. Omi, ọkà, òdòdó họ́ọ̀pù àti ìwúkàrà ni.

Bí ìyá àti ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Nínú kílò márùn-ún ọkà, kílò kan ààbọ̀ ni wọ́n bù sọ́tọ̀. Wọ́n wọ́n omi sí i lára kó lè gba èéfín, wọ́n tẹ́ ẹ sórí asẹ́ onírin, wọ́n gbé e sínú ààrò ìyanran tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá kò gbà kí wọ́n fi pákó tí wọ́n kùn lọ́dà dá iná, kò sì gba igi olóje, torí èéfín wọn a máa korò. Igi ápù gbígbẹ ni wọ́n lò. Kò jẹ́ kí iná pọ̀, nítorí pé bí ọkà bá jó, agbára tó ń sọ ọ́ di adùn á kú. Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n fi yan án, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó di pé wọ́n lọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn ààrò yẹn ni ọmọ ti ń sọ ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìyá, tó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kò rẹ́rìn-ín.

"O fún un mu, o kò sọ fún un?"

"Màmá, àwàdà ni. Ó kúkú ń mu bíà."

"Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dá, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló jọ ni ín. Èyí tí o dá mọ́ ọn lọ́rùn ńkọ́? Èèwọ̀ ẹlòmíì kì í ṣe ohun àwàdà. Nígbà tí à ń ta ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ẹni tó bá gba ife lọ́wọ́ wa, ikùn rẹ̀ ló fi síkàáwọ́ wa yẹn. Lọ sọ fún un."

"Màmá, ó máa bínú."

"Jẹ́ kó bínú."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọmọ fi ń yí ọ̀rọ̀ náà ká. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá ní òun kò ní bá a fọwọ́ kan ìkòkò mọ́ títí yóò fi lọ. Ó lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò pariwo, kò bú u. Ó kàn ní, "O ṣeun tí o sọ ọ́," ó sì wọlé. Odindi oṣù méjì ni kò fi pè é lórí fóònù.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọmọ kí ìyá tó padà sílé, wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó sì wá. Ó gbé ọmọ, ó gbàdúrà fún un, ó fi owó lé e lọ́wọ́. Bíà eléèéfín ti wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó hó dáadáa, òórùn rẹ̀ sì kún ilé. Àwọn àlejò ń béèrè irú ẹran tó wà níbẹ̀, ìyá fúnra rẹ̀ ló ń dá wọn lóhùn pé kò sí ẹran kankan, èéfín ni, ó sì ń fi ìyókù ọkà náà hàn wọ́n nínú abọ́. Wọ́n gbé ife dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ yìí. Ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá omi.

Ọmọ fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyá fi ojú sọ fún un pé kó fi í sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń se nǹkan fún aráyé mú níbẹ̀ nìyí, yálà ọlọ́tí ni o, olóúnjẹ ni o, tàbí ẹni tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Adùn tuntun kò burú, ẹ máa wá a. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí adùn náà jẹ́ gan-an, bóyá ohun tó rọrùn tí kò sì pa ẹnikẹ́ni lára lè gbé e wá. Bí ẹ bá sì fi ohun tí ẹlòmíràn kì í jẹ sí i, ẹ sọ ọ́ kí ó tó gbé e sẹ́nu. Ọtí tó bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi pọn òmíràn rọ́pò rẹ̀.